Ìjókòó Ẹ́ńjìnì

Píjò bàbá mi ń gbọ̀n.
Kì í ṣe ọyẹ́ Kàdúná ló mú un,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ wà nílẹ̀ láàárọ̀ yẹn,
tí ètè gbogbo wa sán.
Bí mo bá ti ṣíná sí i, á mì jìgìjìgì,
ilẹ̀kùn á máa pa eyín keke,
ife tíì tí bàbá gbé sí iwájú dígí
á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin ní kílò,"
ni àbúrò mi wí lórí fóònù láti Àbújá.
Bàbá gbọ́. Kò fèsì.
Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ti òsì mú, kí n má baà rí i.

Málàmù Tánímù ní Pantéká kò jẹ́ kí n rojọ́ tán.
Ó ní kí Ayúbà tẹ bírékì, kó tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀;
ó ń wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ta sókè
bí àgbò tó rí okùn.
"Eléyìí ò ṣàìsàn," ló wí.
Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ já gaara.
"Ìjókòó rẹ̀ ló jẹ.
Ta ló máa jókòó lórí àpótí fífọ́ tí kò ní mì?"

Wọ́n fi pákó tẹ́ ẹnu jáàkì,
wọ́n gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka méjì.
Nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.
Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń bá bóòtù rẹ̀ gbé,
ṣé nítorí sípánà ni wọn yóò fi kọ ara wọn?
Ayúbà da kẹrosíìnì sí i, ó lọ ra àkàrà,
ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó padà wá.
Kẹ̀ẹ́. Ó gbà.

Rọ́bà náà rèé lọ́wọ́ mi:
ó sán bí gìgísẹ̀ darandaran,
ọ́ìlì ti mu ún yó, ó ti là sí méjì.
Ohun tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi
ló wà láàárín irin àti irin,
tó ń gba gbogbo ìjà wọn sára
ní ọ̀nà Jọ́ọ̀sì, ní ọ̀nà Kánò, nínú kòtò Kàfáńṣàn,
tí àwa ọmọ mẹ́rin ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀,
tí a ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń ṣiṣẹ́.

Tuntun inú páálí le bí òkúta.
Tánímù fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó jù ú padà sí ọlọ́jà.
Àlòkù kan tó ti Kùtọ́nu wá ló mú;
ó ní èyí ṣì mọ bí a ti ń forí jì.

"Má tíì dè é pinpin!" ló jágbe mọ́ Ayúbà.
"Sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ ná, jẹ́ kó fìdí wá àyè ara rẹ̀.
Ohun tí a bá dè kó tó jókòó,
gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n."

Mo ṣíná.
Ó kùn sínú bí ológbò tó yó.
Bàbá gbé ife tíì sí iwájú dígí, a jọ ń wò ó.
Kò mira.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ wáyà ní téṣàn rélùwéè,
tí ìka rẹ̀ kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló gbé ife ọ̀hún láti mu ún.
Tíì dà sí i láyà.

"Sannu, Bàbá," ni Tánímù wí.
Ó wo ọwọ́ yẹn bó ṣe wo ẹ́ńjìnì láàárọ̀,
ó tẹ́tí díẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa sípánà rẹ̀ jọ.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sábẹ́ ife náà.
Mi ò dì í mú pinpin.
Rọ́bà àtijọ́ wà nínú àpò bùbá rẹ̀;
kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.