Ogún Igbá

Bílà pè mí láti èbúté ní aago márùn-ún ìdájí,
ohùn rẹ̀ tutù bí irin ìdákọ̀ró:
"Ó tún ti kú o."
Mi ò bi í léèrè ohun tó kú.
Lẹ́nu iṣẹ́ wa, nǹkan kan ṣoṣo ló ń kú,
tó ń jí, tó tún ń kú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.

Òjò Tórshavn kì í rọ̀ wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé.
Mo wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn lé aṣọ oorun,
mo gbé kọfí kalẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà.
Sáfà wà níbẹ̀. Kò kú.
Ó kàn jókòó ni, ó lajú sílẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
Pọ́ọ̀tù ẹgbàárin ó lé ọgọ́rin ṣí gbayawu,
bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti lọ sóko.

"Ṣáà pa á, kí o tún un tàn," ni Bílà ń wí,
"èrò ti tò dé ìta nínú òjò."
Mo ti pa á, mo ti tún un tàn ní ọjọ́ Ajé.
Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú, lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹni tó ń nu omi ilẹ̀ tí kò gbójú wo òrùlé,
àkísà ò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé.

Ní ọjọ́ Ajé mo ní ìrántí rẹ̀ ló kéré,
mo fi gígà mẹ́rin kún un.
Ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó tún dákú.
Ní Ọjọ́rú mo dá Jáfà lẹ́bi,
mo dá wáyà abẹ́ òkun lẹ́bi,
mo tú fáìlì ìṣètò wò, irinwó ìlà,
mo sì rí àmì kan tí wọ́n ṣí tí wọn ò pa dé.
Inú mi dùn. Mo pa á dé.
Kò kan ọ̀rọ̀ wa rárá.

Lónìí mo wá fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀.
Kì í ṣe ìlà òkè tó ń pariwo,
ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òótọ́ ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:
mo dúró de igbá, igbá ò sí.

Ogún igbá péré ni sáfà ní
tó fi ń bu ọ̀rọ̀ nínú kànga ìsọfúnni.
Ẹni tó ń lọ sí Sandoy, igbá kan.
Ẹni tó fẹ́ gbé mọ́tò lọ sí Suðuroy, igbá kan.
Bu tìrẹ, dá igbá padà: òfin ilé nìyẹn.
Ta ló wá ń yá a tí kò dá a padà?

Mo tọ kóòdù bí ẹni tọ ipasẹ̀ àgùntàn nínú kùrukùru
títí mo fi dé iṣẹ́ ọwọ́ Tummas,
tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kan ọkọ̀ onígi ní Kvívík.
Ọwọ́ Tummas mọ́. Gbogbo ibi ló ti dá igbá padà,
àfi ibì kan:
bí èrò bá fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ìjì,
tí orúkọ rẹ̀ sì ní ð,
lẹ́tà wa tí a ń kọ tí a kì í pè,
àṣìṣe á yọ, kóòdù á gba ẹ̀yìnkùlé sá
pẹ̀lú igbá lábẹ́ abíyá.

Oṣù yìí, ìjì pọ̀.

Mo pe Tummas. Mo ka ìlà náà sí i létí.
"Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn," ni ó wí. Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ òòlù ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, kò, kò, kò.
"Ọsibítù ni mo jókòó sí kọ ọ́.
Eyðbjørg ṣì wà nígbà náà."
Mi ò mẹ́nu ba lẹ́tà yẹn mọ́.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi kún un:
bó yọrí, bí kò yọrí, dá igbá padà.

Aago méje kọjá. Fèrè ọkọ̀ Suðuroy dún.
Bílà ò pè. Ọpẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.
Kọfí mi ti tutù, mo ń ka igbá lójú kọ̀ǹpútà:
méjìdínlógún wà nílé,
mọ́kàndínlógún.
Ọ̀kan ṣì wà lóde. Ó pẹ́ díẹ̀.
Ó wọlé.