Àtàǹpàkò

Yàrá kan wà lábẹ́ pápá ní Tottenham,
kò ní fèrèsé, kò ní ju tábìlì kan lọ.
Ibẹ̀ ni mo máa ń wà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú
tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá kó bọ́ọ̀lù wọn dé,
èyí tó ṣóńṣó lórí, tó ṣóńṣó nídìí bí ìbẹ́pẹ,
tí wọ́n fi okùn dì láyà bíi bàtà.
Méjìlá fún apá kan, méjìlá fún èkejì.
Mo ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń ka ohun tí gééjì wí.
Méjìlá àbọ̀: kò gbọdọ̀ dín.
Mẹ́tàlá àbọ̀: kò gbọdọ̀ lé.
Àárín ibẹ̀ ni òdodo ń gbé,
yàrá tóóró, kò gba àlejò.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́,
wọ́n bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ.
Mo dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan. N kò sọ pé
abẹ́ igi òdán ni, ní Ìkìrun,
lọ́dọ̀ bàbá mi, Oyèwùmí fọganáísà.

Bàbá mi kì í wo gééjì kó tó mọ̀.
Á fi àtàǹpàkò tẹ táyà: “Ọgbọ̀n. Ó ku méjì.”
A ó wọ̀n ọ́n, á jẹ́ ọgbọ̀n, á ku méjì.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo rí i
tó gba owó kíkún lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kánjú,
tó sì fún un ní àbọ̀ atẹ́gùn.
Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.
Awakọ̀ náà kò padà wá jà.
Bóyá ó débi tó ń lọ. N kò tíì mọ̀ dòní.

Lóṣù Kẹwàá, òjò ń rọ̀, wọ́n sinmi ìdajì eré,
wọ́n kó bọ́ọ̀lù wá kí n tún un wọ̀n.
Kí n tó mú gééjì, àtàǹpàkò mi ti sọ ọ́:
mọ́kànlá. Gééjì ní mọ́kànlá.
Tibbets, olùtọ́jú ẹrù wọn, rẹ́rìn-ín:
“Òtútù ìlú yín ló fà á.”

Òótọ́ ni, òtútù ń jẹ atẹ́gùn,
bọ́ọ̀lù á rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.
Ṣùgbọ́n òjò kan náà ló pa bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì,
díẹ̀ báyìí ni tiwọn fi dín.
Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, a gbọ́;
òjò ò sọ adìẹ di ẹyẹlé.

Olórí adájọ́ wọlé, omi ń kán ní fìlà rẹ̀.
“Kí lo rí?”
Tibbets wo ilẹ̀.
Mo mọ ilẹ̀ yẹn. Erùpẹ̀ Ìkìrun ni.
Ó rọra sọ pé: “Ogún àmì la fi ń ṣíwájú. Kí la fẹ́ fi í ṣe?”
Òótọ́ nìyẹn náà.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: mọ́kànlá, mọ́kànlá, mọ́kànlá.
N kò kọ “olè.” Gééjì kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni.
Mo fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo wọn.
Wọ́n ṣì borí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ní Seven Sisters,
ọmọdé kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé.
N kò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́.
“Ogún,” ni mo wí. “Ó ku mẹ́wàá.”
Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra.