Ìka Mẹ́ta

Gíá kìíní kú sí Ìdọ̀fìàn.
Mo ní, "Búsàírì, o ò wo ọ́ìlì ni."
Ó fi Kùránì búra. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.
Mo gbowó tòkúnbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dè é, ó lọ.

Gíá kejì rí Ajàṣẹ́-Ìpo, kò rí ẹ̀yìn rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀rìn ti di ìyẹ̀fun, ọ́ìlì dúdú bí omi aró.
Mo ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ló wúwo lórí kùlọ́ọ̀ṣì.
O ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé."
Àwáwù ìyàwó rẹ̀ bọ́ ẹ̀gbà wúrà lọ́wọ́,
èyí tí ìyá rẹ̀ fi sìn ín wá sílé ọkọ,
ó tà á ní Ọjà Ọba,
ó kówó fún un láìwo ojú rẹ̀.

Gíá kẹta, òkè Òmù-Àrán ni, lóru, nínú òjò,
pẹ̀lú ọ̀ọ́dúnrún àpò símẹ́ńtì.
Kí ọkọ̀ mìíràn tó wá gbà wọ́n,
símẹ́ńtì ti mu omi yó,
ó ti di ilé tí kò nílẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni ayé wọ ọ̀rọ̀.
Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni.
Wọ́n ní ọ̀dà pupa tó fi kun ọkọ̀ ni.
Èmi náà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mí lọ́rùn:
bó bá jẹ́ ayé ni, kì í ṣe èmi.

Jámíù ọmọṣẹ́ mi,
tó ṣì ń fún mi ní sípánà mẹ́tàdínlógún
bí mo bá bèèrè mẹ́rìnlá,
ló sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ kún fún wàrà díndín:
"Ọ̀gá, òfìfo la máa ń dán an wò.
Ṣé òfìfo náà ló máa ń bàjẹ́?"

Mo nawọ́ kí n gbá a létí.
Ọwọ́ náà dúró sófuurufú.

A dùbúlẹ̀ sórí páálí. Ó já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan,
ó tì í bọ ibi tí ṣáàfùtù ti ń wọnú ara rẹ̀.
Àlàfo ìka kan péré. Mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀,
mo pè é ní "ó tó."
A wá yá yanrìn lọ́wọ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù,
a bù ú sẹ́yìn ọkọ̀ títí súpíríìn fi tẹ́ pẹrẹsẹ.
Ìgbálẹ̀ tẹ̀. Ìgbálẹ̀ ṣẹ́.
Irin fẹnu kan irin.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ̀nà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀:
gbogbo kòtò, ọmọ odó; ẹ̀yìn gíá, odó;
bẹ́ẹ̀rìn, iṣu tí kò ní ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Èmi ni mo ra ṣáàfùtù yẹn.
Ara ọkọ̀ tó jóná ní Bódè-Sáàdú ni mo ti tú u.
Mi ò wọ̀n ọ́n. Ogún ọdún ni mo ti ń fojú wọn irin,
mo rò pé ojú mi ti di téèpù.

Bàbá Ọlánihún gbé e sórí léètì,
ó gé ìka mẹ́ta kúrò, ó jó o pọ̀ pa dà.
Èyí tó bọ́ sílẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ ń dán.
Búsàírì gbé e nígbà tó tutù.
Ó yí i wò. Ó fi bọ ọwọ́.
Ó há sí oríkèé àtàǹpàkò.

Mo ní, "Èmi ni."

Kò bú mi. Ó ní, "Má sọ ọ́ nù.
Àwáwù á fẹ́ rí i."

Ọkọ̀ náà ti lọ Òmù-Àrán lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó ti bọ̀.
Gíá ń mí bí ẹni tó sùn. Èmi ni mi ò sùn:
mò ń san án díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ó ku gíá kan àti ààbọ̀.
A ò tíì dárúkọ ẹ̀gbà.