Ewé Tí Mo Tẹ̀

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kì í béèrè òótọ́.
Ohun tí a bá gbé sí i lẹ́nu ló ń tẹ̀.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń po yíǹkì
ní ojúlé yìí ní Ṣómólù,
níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bá wa mí.

Lọ́sẹ̀ tí òjò Òkúdù kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù,
Ọ̀gbẹ́ni Fọ́lárìn dé, bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó ní àwọn olómi inú ike tí òun ń polówó fún
fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé àwọn fẹ́ràn ayé.
“Ẹ bá mi fi ewé sí i. Ewé tútù yọ̀yọ̀.
Ẹ jẹ́ kó tóbi ju orúkọ omi lọ.”
Mo ní, ṣé ike náà ti yí padà ni?
Ó rẹ́rìn-ín.
“Bàbá, ike kan náà ni. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló yí.”

Ọ̀kẹ́ méjì ewé.
Owó rẹ̀ ni mo fi san owó ilé ìwé Tẹniọlá.
N kò ní purọ́ fún yín: mo tẹ̀ ẹ́, mo sì dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Sìdí wọlé láti Bárígà,
opó tó ń ta ọṣẹ olómi,
tí sódà ti bó ní ìka.
Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń ra igba lébẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi.
“Ọ̀gá Rájí, mi ò ra lébẹ́ẹ̀lì mọ́.”
Àyà mi já. Kí ni mo ṣe?
“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Owó ike ló ti ju owó ọṣẹ lọ.
Mo ní kí kálukú máa gbé ike tiẹ̀ bọ̀
bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbé ìgò lọ ra kẹrosíìnì.
Ẹni tó bá gbé e wá, mo yọ ọgọ́rùn-ún náírà fún un.
Ẹ tẹ pátákó kan ṣoṣo fún mi.”

Mo ní, kí n fi ewé sí i?
Ó wò mí bí ẹni tó bu iyọ̀ sí tíì.
“Ewé kẹ̀? Ṣé ẹ̀fọ́ ni mò ń tà ni?
Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: GBÉ IKE RẸ WÁ.
Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀,
kí n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó padà wá.”

Ọjọ́ kìíní, mọ́kànlá.
Ọjọ́ kejì, òjò; mẹ́rin péré.
Nígbà tí yóò fi di Ọ̀wàrà,
alágbàfọ̀ mẹ́ta ní Fàdéyí ti ń rán jálá sí i,
àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkókà ń ya pátákó ní fọ́tò,
ó ti gba ojúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ tiẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ra ọṣẹ nítorí ayé.
Ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n rí;
ayé kàn bá wọn jẹ nínú èrè náà ni.

Fọ́lárìn gba ibẹ̀ kọjá, ó sáré wá bá mi:
“Ta ló ronú èyí fún màmá yẹn? Ọgbọ́n ìpolówó ńlá ni!”
Mo ní, àìlówó ni.
Ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

Òjò àná kún gọ́tà wa dé ẹnu ọ̀nà.
Ike kan léfòó wá, ó fi orí gbá ilẹ̀kùn mi.
Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.
Ewé gidi ì bá ti rọ, ì bá ti rà,
ì bá ti di ilẹ̀dú lẹ́yìn ilé ẹnì kan.
Tèmi ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Mo fọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ sí Bárígà ní Sátidé.
Ìyá Sìdí rọ ọṣẹ kún un, kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀,
ó yọ ọgọ́rùn-ún náírà mi,
ó sì kọjú sí pátákó.
Ọ̀kan.
Nínú ọ̀kẹ́ méjì.