Àmì Pupa Kẹtàdínlógún

Kì í ṣe òru gidi ló ṣú, òru inú kọ̀ǹpútà ni.
Múnírátù tẹ bọ́tìnì kan,
òjò bẹ̀rẹ̀, Ọ̀ṣun kún, ó bo afárá,
bọ́ọ̀sì méjì já sínú rẹ̀,
àmì pupa sì ń wọ́ bọ̀ bí ìjàlọ
láti Gbódòfọ́n wá sí géètì wa.

"Sísítà, ẹ máa wò wọ́n."
Mo wò wọ́n. Ọgọ́ta ni wọ́n.
Wọn ò sunkún. Wọn ò bèèrè omi.
Èyí tó bá kú á di dúdú, á sì dákẹ́.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gbọ́wọ́ lé iwájú orí onígbóná,
mi ò mọ̀ pé àmì lásán lè já mi láyà.

"Dókítà ò tó," ni mo wí.
Ó fi mẹ́rin kún un. Wọ́n ṣì ń kú.
"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" Ó fi ogún kún un.
Wọ́n ṣì ń kú, níwájú ibì kan ṣoṣo,
wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni ń dúró de kẹrosíìnì:
ẹnu fèrèsé ilé káàdì,
níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Sùlùkánáìnì ti ń bèèrè
orúkọ, àdúgbò, ẹ̀sìn, ẹgbẹ̀rún kan náírà,
tí ṣéńjì kì í sí.

Ìgbà náà ni NEPA mú iná lọ.
Òkú àti alààyè pòórá lẹ́ẹ̀kan.
Jẹnẹrétọ̀ kọ́, ó ké, iná padà,
gbogbo wọn tún pé sí géètì, pupa wẹ́kú,
bí ẹni pé ikú wá tọrọ àforíjì.
Múnírátù rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín ò yọ lẹ́nu tèmi.

Lọ́dún tí ògiri wó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Ìyá Lásùnkánmi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu fèrèsé yẹn,
ọmọ rẹ̀ ń sáré kiri wá ṣéńjì.
Kò sí bọ́tìnì tí mo lè tẹ̀ fún un.

Múnírátù fa fèrèsé náà kúrò lọ́nà,
ó gbé e sẹ́yìn, lẹ́bàá ilé oògùn:
ká tọ́jú wọn ná, ká tó kọ wọ́n sílẹ̀.
Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Odò tún kún.
Mọ́kàndínlógún ló kú tẹ́lẹ̀; ó ku mọ́kànlá.
Ojú mi wà lára ọ̀kan, ìkẹtàdínlógún,
tó ń rọra kọjá níbi tí fèrèsé wà.
Mi ò sọ fún ọmọ náà pé mo ti fún un lórúkọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a gbé tábìlì Sùlùkánáìnì.
Ó bínú. Ó ní ta ni yóò sanwó.
Mẹ́rin la jẹ tá a gbé e,
ó wúwo ju bó ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà lọ.