Ètè Evasio

Akólòlò ni Evasio Rolfo, ẹ̀gbọ́n ìyá mi.
Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní Torino,
á nawọ́ sí i, á sì fowó lélẹ̀,
torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè há sí i lẹ́nu
títí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á fi máa pòṣé.

Delfina, ìyá mi, kò gbọ́ràn.
Ibà ló gba etí rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta.
Ètè ènìyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń wí.
Létí odò Dora, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń sá awọ,
ọ̀kan ò lè sọ ọ́ tán, èkejì ò lè gbọ́ ọ rárá,
síbẹ̀ àwọn méjèèjì kì í dákẹ́.

Ìbọ̀wọ́ ló ń gé kí sinimá tó dé.
Ọkùnrin kan tó ní kámẹ́rà àti gbèsè
yọjú ní ṣọ́ọ̀bù: "Ìwọ, ṣé o lè gun ẹṣin?"
Evasio mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò gùn ún rí.
Ẹṣin gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ya gbogbo rẹ̀,
àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n sanwó, wọ́n tún padà wá.

Àwòrán kò tíì lóhùn nígbà náà.
Dùùrù kan ló ń bá gbogbo ayé sunkún.
Wọ́n kun ojú rẹ̀ látíkè, wọ́n lé èédú sí ìpéǹpéjú rẹ̀,
ó kú ikú ọba, ó kú ikú olè,
ó kú nínú yìnyín oníyọ̀ àti ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ
nínú oṣù keje, tí òógùn ń ro tótó lábẹ́ irùngbọ̀n àlẹ̀mọ́.

Ọba ń dágbére fún ayaba, gbogbo ilé ń fọn ikun.
Ìyá mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.
Ó fọwọ́ sọ fún mi nínú òkùnkùn:
"Ó ní àlùbọ́sà tí Norina jẹ ti pọ̀ jù.
Ó ní onílé ti gba kóòtù òun."
Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.
"Wò ó," ló wí, "kò kólòlò."

Nígbà tó di olùdarí, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni.
Ọwọ́ ló fi ń darí: àtẹ́lẹwọ́ láyà, sunkún;
ìka méjì sílẹ̀, ṣubú.
Èdè tí òun àti Delfina dá létí odò
di èdè àádọ́ta òṣèré àti àwọn káfíńtà.
Ojú lọ̀rọ̀ wà: gbogbo òfin tó ní nìyẹn.
Fíìmù mọ́kànlélógún, ọdún mẹ́sàn-án.

Ohùn wá wọ inú àwòrán.
Wọ́n tì í mọ́ yàrá tí wọ́n fi kúbùsù bo ògiri rẹ̀,
máíkì rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí ilé agbọ́n.
Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún un: "Baba, mo ti dé."
Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
Ó pẹ́.
Kò yá.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀
yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n fi kílò ta àwọn fíìmù náà fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe òòyà.
Evasio padà sídìí ìbọ̀wọ́.
Ìyá mi kì í ra òòyà mọ́; ìka ló fi ń ya irun mi.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n rí agolo kan
lábẹ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní Asti. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù.
Wọ́n ní kí n wá wò ó.
Evasio dúró lójú fèrèsé, ó yíjú sí kámẹ́rà gan-an,
ètè rẹ̀ ń lọ, ń lọ, kò kọsẹ̀.
Wọn kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.
Àwọn ọ̀mọ̀wé yíjú sí mi: kí ló wí?
Ọdún mẹ́rìnlá ni ìyá mi ti sùn.
Etí mi méjèèjì pé. N kò gbọ́ nǹkan kan.
Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un gbé sí i.