Ta Ló Tẹ Tòròtù?

Mọ́tò pupa, ilẹ̀kùn méjì, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀,
Wàídì ló wà á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́,
ó ní sálẹ́ńsà rẹ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó tó fi sìgá dàgbà.
Mo jó ihò méjì pa, mo nu ọwọ́.
Bàbá mi jókòó lórí táyà, ó ń wò mí.
Ogójì ọdún ló fi wa lọ́rì gẹdú,
Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́,
pákó lẹ́yìn, àdúrà níwájú.
Ó ní, "Kúbúrà, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."
Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò wa lọ́rì àtijọ́ rí, ẹ gbọ́:
jíà ayé wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀, ohùn ló ń gbà.
Tẹ kílọ́ọ̀ṣì, já a sí fíríì, fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀,
fi ẹsẹ̀ kan tòròtù, hùùn!
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀,
tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí o tó wọ kẹta.
Bí hùùn bá kéré, eyín jíà á họra wọn, gààràgà!
bí ó bá pọ̀jù, lọ́rì á ta bí ẹṣin tí agbọ́n ta.
Kò sí aago tó ń kà á fún wọn.
Àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi mọ ìwọ̀n ohùn
bí ahọ́n ìyá mi ṣe mọ ìwọ̀n iyọ̀.

A gun Òkè-Balógun, a yí padà,
ọ̀sà ń dán nísàlẹ̀ bí páànù tuntun.
Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, ó tẹ bíréèkì, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì,
ọwọ́ rẹ̀ já kẹrin sí kẹta,
ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò lórí bíréèkì,
hùùn!
Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló gbóhùn sókè.
Jíà wọlé wẹ́rẹ́, bí ìka nínú òrí.
Sálẹ́ńsà ta pá-pà-pá lẹ́yìn wa,
ewúrẹ́ mẹ́ta tú ká, ọmọ kan pàtẹ́wọ́.
Bàbá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo tèmi.
"Ta ló tẹ tòròtù?"

Mo ní, kọ̀ǹpútà ni, bàbá.
Ó ń ka bí táyà ṣe ń yí, ó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí,
ó ń mú wọn dọ́gba kí ọwọ́ yín tó débẹ̀.
Ìdajì ohùn tí ẹ sì ń gbọ́ yìí,
inú sípíkà ló ti ń wá.
Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí a fi kọjá mọ́ṣáláṣí.
"Ohùn tí kò sọ ohunkóhun fún ẹsẹ̀,
kí ló wà fún?"
Mo fi bọ́tìnnì hàn án. Ó pa á.

Ẹ̀ẹ̀kíní, mọ́tò fò, àyà wa kan bẹ́líìtì.
Ẹ̀ẹ̀kejì, táyà ẹ̀yìn ké yéè; mo ro owó Wàídì.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí bíréèkì,
gìgísẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbún tòròtù, hùùn,
kẹta ti wọlé kí n tó mọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Mo rò pé yóò bú ẹ̀rọ òde òní.
Mo ti la ẹnu sílẹ̀ láti bá a bú u.
Ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó tún tan bọ́tìnnì.
"Ọdún tí Ṣówándé, mọ́tò-bọ́ì mi, sùn lórí pákó,
òjò ń rọ̀, oorun ń kùn mí,
n kò rí kẹta, n kò rí kẹrin mọ́,
ẹrù tì wá dé ẹnu odò.
Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.
Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè bá mi..."
Kò parí rẹ̀.

Wàídì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ, ó ní kí n yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Lóru, ọ̀kadà kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Balógun.
Nínú yàrá kejì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan
tó kan pátákó bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan péré,
lẹ́yìn náà ni ọlọ́kadà tó já jíà.